Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Eyín, Ẹ Bá Aláìsàn Sọ̀rọ̀ Kó Yé Wọn

Ọdún 6 gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín ń lò ní Yunifásítì Èkó kó tó gboyè. Ṣùgbọ́n bí ìyá oníṣòwò kan láti Alápẹ̀rẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì náà ní Ìdí-Àràbà, tí wọ́n ní kòkòrò ń jẹ eyín àwọn, ìmọ̀ inú ìwé nìkan kò tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má fojú di wọn. Kó ṣàlàyé pé kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ ṣúgà di ásíìdì tó ń dá eyín lu. Kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó mú abẹ́rẹ́, kó sì bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Aláìsàn tí ọ̀rọ̀ kò yé lè má padà wá títí eyín yóò fi kọjá àtúnṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìbánisọ̀rọ̀ lédè Yorùbá kún ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín.