Kọ́tìnnì Kan Náà, Ìlú Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì ni mo mú wá lónìí. Ẹlòmíràn lè máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kí ló wà nínú kọ́tìnnì tí a ó fi gba odidi ojú ewé?" Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi bímọ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni mo lọ bá a wẹ ọmọ. Láti Kétu ni mo ti di ẹrù mi: ọṣẹ dúdú, àdí àgbọn, kànìnkànìn tuntun, èlùbọ́ àti ata gígún. Oṣù Kìíní ni mo gúnlẹ̀ síbẹ̀. Òtútù tí mo bá kì í ṣe èyí tí à ń pè ní òtútù ní Ìkòsì. Kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú.

Inú pálọ̀ ni èmi àti ọmọ ń sùn kí ìyá rẹ̀ lè rí oorun díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ibẹ̀ bí mo ti ń tọ́jú ilé tèmi. Ní Kétu, bí oòrùn bá ti ń mú, mo máa ń fa kọ́tìnnì pa dé kí ooru má baà wọlé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, n ó ká a sókè, n ó ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wa. Ohun tí mo ṣe ní Peckham náà nìyẹn. Lọ́sàn-án, mo pa kọ́tìnnì dé. Lálẹ́, mo ká a sókè. Fèrèsé nìkan ni n kò ṣí. Ọwọ́ ọmọ tutù, imú rẹ̀ tutù. Bàbá rẹ̀ ń sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ṣáá láti lọ san owó sínú mítà gáàsì, kí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná má baà kú. Èmi ń gbàdúrà, mo ń fi aṣọ lé aṣọ fún ọmọ.

Èmi ni mo máa ń gbé ọmọ lọ bá ìyá rẹ̀ fún ọmú lóru. Ní òru ọjọ́ kẹrin, òun fúnra rẹ̀ wọlé wá. Ó bá kọ́tìnnì ní kíká sókè, omi ń ṣàn lójú gíláàsì. Ó rọra wí pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Òdìkejì lẹ ń ṣe. Níbí, ọ̀sán là ń ká kọ́tìnnì, alẹ́ là ń pa á dé."

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Ta ni yóò kọ́ mi ní ìtọ́jú ilé, èmi tí mo tọ́ ọmọ márùn-ún? Ṣùgbọ́n mo dákẹ́, mo ṣe bí ó ti wí. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé yàrá náà yàtọ̀, tí owó mítà náà sì ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó tán. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: báyìí là ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Kí ló fà á tí aṣọ kan náà fi ń ṣe iṣẹ́ méjì? Ẹ wo kúlà tí à ń gbé lọ sí òde àríyá. Bí a bá bu ìrẹsì gbígbóná sínú rẹ̀, yóò gbóná títí di ìrọ̀lẹ́. Bí a bá kó yìnyín àti omi sínú kúlà yẹn kan náà, yóò tutù títí di ìrọ̀lẹ́. Kúlà kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ti inú má tètè pàdé ti òde. Ẹni tó ń dé e ló gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ pa mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ́tìnnì.

Gíláàsì fèrèsé fẹ́lẹ́. Ooru inú ilé a máa gba ojú rẹ̀ jáde kíákíá. Bí a bá ta aṣọ tó nípọn sí i, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á há sáàárín aṣọ àti gíláàsì, á dúró jẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Glasgow Caledonian University yẹ àwọn fèrèsé àtijọ́ onígíláàsì ẹyọ kan wò fún àjọ Historic Scotland. Wọ́n rí i pé kọ́tìnnì tó nípọn dín ooru tó ń gba ojú fèrèsé sá lọ kù ní ìdá 14 nínú 100. Ìlẹ̀kùn pákó tí a ń pa dé mọ́ fèrèsé dín in kù ní ìdá 51. Ẹ gbọ́ o, pákó! Fèrèsé pákó wà lára ọ̀pọ̀ ilé àwọn bàbá wa kí gíláàsì tó gbòde, àwa ọmọ wọn la wá ń pè é ní ohun ayé àtijọ́.

Ọ̀pọ̀ ìyá nínú ìjọ wa ni yóò lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà. Bó bá bọ́ sí ìgbà òtútù, ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkínní, ẹ ká kọ́tìnnì sókè ní kùtùkùtù, pàápàá ní fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, torí apá ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà lọ́hùn-ún ní ìgbà òtútù. Ooru ọ̀fẹ́ ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń lọ, ẹ pa á dé, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí kọ́tìnnì bo irin gbígbóná tó wà lábẹ́ fèrèsé. Bó bá bò ó, ẹ̀yìn aṣọ ni ooru náà yóò gbà bá ojú gíláàsì jáde, ẹ ó wá máa sanwó láti mú ojú títì gbóná.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá fẹ́ rán kọ́tìnnì lọ́rẹ fún ọmọ yín láti ilé, ẹ sọ fún télọ̀ kó fi aṣọ inú sí i. Kódà bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dára fún un. Kó fẹ̀ kọjá etí fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì kí atẹ́gùn tútù má baà rí ojú ihò. Kọ́tìnnì onílééṣì wa dára lójú, ṣùgbọ́n kò lè dá òtútù dúró.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa nu omi tó bá sẹ̀ sójú gíláàsì láàárọ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá pa ilé dé pátápátá tọ̀sán-tòru, ògiri á bu dúdú bí búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀, kò sì dára fún àyà ọmọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe gbé ibùsùn ọmọ sẹ́bàá fèrèsé tàbí irin gbígbóná. Okùn tí a fi ń fa aṣọ ojú fèrèsé lè há mọ́ ọmọ lọ́rùn, ẹ so ó sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2018 pé ó yẹ kí inú ilé móoru tó ìwọ̀n 18 ó kéré tán, lórí òṣùwọ̀n Celsius, ní ìgbà òtútù. Ní Ìlú Ọba, ìwọ̀n 16 sí 20 ni wọ́n ní kí yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn wà. Ẹ má sì kó aṣọ lé e lórí bí mo ti ṣe, ẹ má dé fìlà fún un bó bá ń sùn nínú ilé. Ooru àpọ̀jù léwu fún ọmọ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kétu wàyí. Oṣù Kẹta ni mo délé, ooru ti gba gbogbo Kosofe. Mo wo pálọ̀ mi. Kọ́tìnnì àrán aláwọ̀ ọtí, èyí tí mo fi owó ọdún Kérésì rà, ló wà lójú fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ó ń gba ooru ọ̀sán mọ́ra bí àgbá dúdú. Mo bọ́ ọ kúrò, mo ta aṣọ òwú fẹ́lẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, torí funfun a máa dá oòrùn padà. Ẹ̀yin tí ẹ lè fi páànù tàbí ràkúnmì bo orí fèrèsé ní ìta, tàbí tí ẹ lè gbin igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tiyín tún dára jù, torí oòrùn tí a dá dúró níta kò ní wọlé rárá. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ ká gbogbo rẹ̀ sókè kí atẹ́gùn wọlé. Kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣáà wà níbẹ̀.

Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́ ńkọ́? Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ yẹn ti ń gbé eruku bọ̀ wá. Ní irú àkókò yẹn, ẹ pa kọ́tìnnì dé lóru àti ní ìdájí, pàápàá níbi tí arúgbó tàbí ọmọ ọwọ́ ń sùn. Ṣùgbọ́n eruku tí kọ́tìnnì dá dúró, ara rẹ̀ ló wà. Ẹ máa fọ̀ ọ́ léraléra. Ìta ni kí ẹ ti gbọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe gbọ̀n ọ́n sórí ọmọ tó ní ikọ́ fée.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí o. Bí òtútù ọyẹ́ bá mú, àwọn kan a máa gbé àdògán eléèédú wọ yàrá, wọn a pa fèrèsé dé, wọn a fa kọ́tìnnì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Èédú tó ń jó ń tú èéfín olóró kan tí kò ní òórùn, tí a kò sì lè fojú rí. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Èéfín kan náà ni jẹnẹrétọ̀ ń tú, ẹ má ṣe tàn án sínú ilé tàbí sábẹ́ fèrèsé. Bí iná bá lọ, ẹ má gbé àbẹ́là sítòsí kọ́tìnnì. Atẹ́gùn díẹ̀ ló máa fẹ́ aṣọ lu iná. Aṣọ nípọn tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì kejì ló yẹ ẹni tí òtútù ń mú.

Obìnrin inú ìwé Òwe orí 31, kì í ṣe ọjọ́ tí òtútù dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá aṣọ fún agbo ilé rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká máa bi ara wa léèrè kí a tó fa kọ́tìnnì: kí ni mo fẹ́ kó wọlé, kí ni mo fẹ́ kó dúró síta, ní wákàtí wo? Bí ọmọ tí a bí bá sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ ní ìlú tó ń gbé, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọ-ọmọ mi tó tutù ló kọ́ mi.

Olúwa yóò pa àwọn ará ilé wa mọ́ nínú òtútù àti nínú ooru o. Àmín. Ó dìgbà kan ná.