Ọkọ̀ Ọlọ́pàá Nìkan Kò Tó

Ó ṣọ̀wọ́n kí olùdíje fún ipò gómìnà má ṣèlérí pé òun yóò ra ọkọ̀ fún ọlọ́pàá. Ìlérí náà dùn ún gbọ́, pàápàá létí oníṣòwò tí olè ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò fi àkóso ọlọ́pàá lé gómìnà lọ́wọ́. Àbújá ni àṣẹ wọn ti ń wá.

Ohun tí ó wà níkàáwọ́ ìpínlẹ̀ ni kóòtù májísíréètì àti àwọn agbẹjọ́rò ìjọba. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń wọ́. Èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Bí ẹjọ́ bá ti ń pẹ́, ẹlẹ́rìí a gbàgbé, aláìṣẹ̀ a máa jìyà, ọ̀daràn gidi a sì bọ́.

Abala 36 òfin ìpìlẹ̀ fún ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè kóòtù, ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀tọ́ yìí kan Yorùbá tí ó ń gbé lẹ́yìn odi gbọ̀ngbọ̀n. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Níbi tí kò bá sí ògbufọ̀, ẹjọ́ ẹnìkan ni adájọ́ ń gbọ́.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ní kí májísíréètì máa yẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù, ó kéré tán. Ó tún ka mímú ènìyàn nítorí gbèsè lásán léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún kóòtù tirẹ̀, tí yóò sì ná owó kí ó tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nítorí náà, kí olùdìbò bi olùdíje ní ìbéèrè mẹ́ta. Májísíréètì mélòó ni yóò gbà sí iṣẹ́? Ta ni yóò sanwó ògbufọ̀? Ta ni yóò rí i pé àbẹ̀wò oṣooṣù wáyé? Ẹni tí ó bá fèsì tí ó nítumọ̀ ni ìbò tọ́ sí.

Wọ́n ní àjòjì lójú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba káàdì ìdìbò ní ìlú kan kì í ṣe àjòjì níbẹ̀ mọ́.