Ìbọn Tí A Bá Pààrọ̀ Kì í Kú

Ìbọn ìléwọ́ kan wà nínú àpótí irin ní yàrá mi ní Houston. Glock 22 ni, èyí tó ń lo ọta .40. Àlòkù ni mo rà á ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Láti bí oṣù méjì ni mo ti ń rò ó: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra òmíràn?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí yóò ṣàjèjì sí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ. Ní Texas, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ìgbà téèyàn ń ra fóònù. Lẹ́yìn tí olè fọ́ ilé wa lẹ́ẹ̀kejì ni mo ra tèmi. N kò fi í yangàn, n kò sì tọrọ àforíjì.

Ó ti ń darúgbó. Sípíríǹgì rẹ̀ ti dẹ̀. Àwọn àmì tó máa ń tàn lórí rẹ̀ lókùnkùn kò tàn dáadáa mọ́, nítorí pé tritium inú wọn máa ń dín kù sí ìdajì láàárín nǹkan bí ọdún méjìlá. Ọta .40 máa ń ti ọwọ́ sẹ́yìn gan-an, ó sì wọ́n ju 9mm lọ. Ọkùnrin tó ń tún ìbọn ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ ṣì le, kò sí ibi tó sán. Tí a bá fi sípíríǹgì tuntun sí i, tí a pààrọ̀ àmì rẹ̀, tí a sì ra ọ̀pá àti àpò ọta tí yóò jẹ́ kó lè yin 9mm, gbogbo rẹ̀ kò ní ju ìdajì owó ìbọn tuntun lọ.

Bó bá jẹ́ ti owó nìkan ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n àbúrò kan wà tí a jọ ń lọ sí ìpàdé ọmọ Yorùbá níbí. Ó ń fi mọ́tò kérò lóru. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra tuntun, kí ẹ ta èyí fún mi." Ẹ̀rù ń bà á, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí oníṣòwò ìbọn tó níwèé àṣẹ ṣàyẹ̀wò oníbàárà kó tó tà fún un. Ní Texas, èmi tí mo kàn fẹ́ ta ẹyọ kan fún ẹni tí mo mọ̀ kò ní láti ṣàyẹ̀wò kankan. Yóò kówó fún mi, màá gbé ìbọn fún un, ó tán. Lọ́jọ́ tí owó ilé bá há a, ta ni òun náà yóò tà á fún?

Ibẹ̀ ni mo ti rántí bí ìbọn yìí ṣe dé ọwọ́ mi. Ìbọn ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí FBI padà sí 9mm ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe bíi tiwọn. Wọ́n kó àwọn ti àtijọ́ fún oníṣòwò, wọ́n fi dín owó tuntun kù. Bí tiwọn ṣe di tèmi nìyẹn. Níbi tí ìbọn kan wà tẹ́lẹ̀, méjì ló wà báyìí. A ń pè é ní pààrọ̀, àfikún sì ni.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní èyí. Nígbà tí ìjọba Gaddafi wó ní ọdún 2011, ìbọn tó kó jọ gba aṣálẹ̀ kọjá dé Mali. Ẹni tó rà wọ́n kú, àwọn ìbọn kò kú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1996, àwọn ará Mali kan náà ti kó nǹkan bí 3,000 ìbọn jọ ní Timbuktu, wọ́n dáná sun wọ́n ní gbangba. Iná yẹn kò lé ogun lọ títí láé, nítorí ìbọn mìíràn ṣì ń rìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó jóná lọ́jọ́ náà kò tún pa ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹnìkan lè ní ìbọn ọwọ́ aráàlú ní Amẹ́ríkà pọ̀ ju èèyàn ibẹ̀ lọ, kí wá ni ẹyọ kan já mọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò lè dáhùn fún ìyókù. Ti ẹyọ kan yìí, orúkọ mi ló wà nínú ìwé tí mo fi rà á.

Nítorí náà, màá tún un ṣe. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé n kò tà á. Inú bí i, ó ní ṣé n kò fọkàn tán òun ni. Mo ní bó bá ta kú pé ìbọn lòun fẹ́, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kó sì kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Èmi yóò san owó ẹ̀kọ́ náà. Kò tíì dá mi lóhùn. Ní ti ìbọn mi, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá sán, ojú mi ni wọn yóò ṣe gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.