Ẹ Má Ta Adìyẹ Aboyún, Ẹ Gba Ìgbálẹ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé, ó sì tọ́ kí a dá sí i. Bí obìnrin tí ó ń sin adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé bá lóyún, kí ni ó yẹ kí a ṣe? Àwọn kan ní kí a ta gbogbo adìyẹ náà kíákíá, nítorí pé àrùn wà lára wọn. Àwọn mìíràn ní àwọn ìyá wa sin adìyẹ, wọ́n sì bímọ láyọ̀, nítorí náà kí a má yọ ara wa lẹ́nu. Ní tiwa, a kò gba ti apá méjèèjì. Kí adìyẹ dúró. Kí iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ibẹ̀ kúrò lọ́wọ́ aboyún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti àwọn tí ó ní kí a tà á. Owó ẹyin ni obìnrin mìíràn fi ń ra aṣọ ọmọ, òun náà ni ó fi ń wọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí. Ẹyin tí a sè jinná sì jẹ́ oúnjẹ aṣaralóore fún un. Bí a bá ta adìyẹ rẹ̀, a ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ àti owó lọ́wọ́ rẹ̀, ní àkókò tí ó nílò méjèèjì jùlọ.

Ní ti àwọn tí ó ń fi àwọn ìyá wa ṣe àpẹẹrẹ, kí wọ́n rántí pé inú oko àti ẹ̀bá ààtàn ni adìyẹ àwọn ìyá wa ti ń jẹ̀ káàkiri. Ní Ṣómólú àti Bàríga lónìí, ilé fara kan ilé, ọ̀pọ̀ ayálégbé ni ó jọ ń lo àgbàlá kan, ilé adìyẹ sì lè wà nítòsí ibi ìdáná. Kòkòrò àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní salmonella a máa gbé inú ìfun adìyẹ tí ara rẹ̀ le koko. Inú ìgbẹ́ adìyẹ ni ó ń bá jáde, a sì lẹ̀ mọ́ èèpo ẹyin, ìyẹ́, bàtà àti ọwọ́. Bí ó bá wọ inú aboyún, ibà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Bí ó bá sì le, ó lè ṣe oyún náà ní jàǹbá.

Òmíràn tún wà tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2006 ni a kọ́kọ́ rí àrùn ọ̀fìnkìn adìyẹ, tí a ń pè ní bird flu, ní ilẹ̀ wa, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, àrùn náà pa obìnrin ọmọ ọdún 22 kan ní Èkó níhìn-ín. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bird flu pa ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2015, àrùn náà tún padà wọ oko adìyẹ ní Èkó. Kì í sábà ran ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ran aboyún, ewu rẹ̀ pọ̀ gidigidi.

Nítorí náà, kí aboyún má ṣe gbá ilé adìyẹ, kí ó má ṣe kó ìgbẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe pa adìyẹ, kí ó má sì ṣe tu ìyẹ́ tàbí yọ ìfun rẹ̀. Kí ó má ṣe fọ́n oògùn apakòkòrò bí ọ̀tápíàpíà. Bí adìyẹ bá kú lójijì, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má ṣe tà á, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ sínú gọ́tà tàbí sínú ọ̀sà; dókítà ẹran ti ìjọba ni kí ẹ ké sí. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ran aboyún lọ́wọ́ rárá, kí ó bo imú àti ẹnu, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí kò ní wọ inú ilé, kí ó wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà sọ, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ọkọ lè sọ pé òun ń jí lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní kùtùkùtù, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí òun tó dé. Bàbá, gbígbá ilé adìyẹ mẹ́wàá kò gba ìdajì wákàtí. Ẹni tí ó ń jẹ nínú ẹyin náà kò gbọdọ̀ sá fún ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí. Níbi tí ẹ bá ti jọ ń sin adìyẹ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ pé láti ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ti sọ pé òun lóyún, àwọn yòókù ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ilé adìyẹ tí ó bá kàn án. Kí òun máa tọ́jú ìwé ìṣirò àti ètò ọjà. Kí a má sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú ìpín rẹ̀, nítorí bí ó bá mọ̀ pé a ó gé owó òun, yóò fi oyún náà pamọ́, yóò sì máa gbá ilé adìyẹ lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ẹgbẹ́ kò bá gbé ọmọ rẹ̀ ró ní irú àkókò yìí, kí ni a ń dáwó ẹgbẹ́ sí?

Ẹ̀yin aboyún, bí ara yín bá gbóná, tàbí tí inú ń ṣẹ́ yín, ẹ má ṣe gbé agbo mu kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ tètè lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ń sin adìyẹ. Ọ̀rọ̀ kan yìí lè jẹ́ kí ó tètè mọ ohun tí yóò wò.

Kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ, kí a sì bá adìyẹ nínú ilé.