Bàlúùnù tó ti fẹ̀yìn tì: ẹ má fi fò mọ́, ẹ má sì sọ ọ́ nù

Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè lákìísà tó ti àgbà. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mò ń ka ìròyìn nípa àwọn èèyàn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé àkísà ni wọ́n ń tọ́jú bí ẹni ń tọ́jú góòlù. Àkísà tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti àǹkárá tàbí ti aṣọ òfì o. Aṣọ bàlúùnù ńlá ni, irú èyí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbé sókè, tí àwọn èèyàn máa ń dúró sínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì máa fò lókè bí àwòdì. Bí bàlúùnù náà bá ti gbó, tí kò ṣe é gbé èèyàn mọ́, àwọn tí mò ń sọ yìí kì í jẹ́ kí wọ́n dáná sun ún. Wọ́n á gbà á, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á lẹ ibi tó ya, wọ́n á kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á sì gbé e síbi tí omi kò ti ní kàn án.

Mo mọ̀ pé oníṣòwò kan á ti máa sọ ọ́ sínú pé kí ló kan òun nínú bàlúùnù àwọn òyìnbó. Ẹ ní sùúrù fún mi. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìránṣọ, jẹnẹrétọ̀, sìlíńdà gáàsì, fíríìjì tàbí mọ́tò tẹ́ ẹ fi ń jẹun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan náà ti ṣẹ̀ wá. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni bàlúùnù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan nílẹ̀ Faransé, Joseph-Michel àti Jacques-Étienne Montgolfier, ló ṣe é. Iṣẹ́ pépà ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe nílé wọn. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1783, wọ́n fi aṣọ àti pépà ṣe ohun ńlá kan ní ìlú Annonay, wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbéra lójú gbogbo ayé. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan àti àkùkọ kan ránṣẹ́ sókè ní Versailles níwájú ọba. Nígbà tó di ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, èèyàn méjì wọ inú rẹ̀, wọ́n sì fò kọjá lórí ìlú Paris. Ó tiẹ̀ jọ pé inú orúkọ nǹkan yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì làwọn bàbá wa ti mú ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ọkọ̀ òfuurufú dòní, ìyẹn bàálù.

Ti ìgbàlódé yàtọ̀ díẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ed Yost ló kọ́kọ́ fi aṣọ náílọ́ọ̀nù àti iná gáàsì propane fò ní ìpínlẹ̀ Nebraska lóṣù Kẹwàá, ọdún 1960. Lọ́dún 1967, Don Cameron, tó jẹ́ ẹnjiníà, àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bristol Belle. Ìgbà tí Cameron rí i pé àwọn èèyàn fẹ́ ra irú rẹ̀, yàrá tó wà lábẹ́ ilé rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ó dá ilé iṣẹ́ Cameron Balloons sílẹ̀ lọ́dún 1971, ilé iṣẹ́ náà sì di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń ṣe bàlúùnù lágbàáyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ránṣọ ní fàráńdà ilé yín, ẹ gbọ́ yẹn o. Iṣẹ́ télọ̀ náà ni.

Aṣọ náílọ́ọ̀nù tó fúyẹ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì fi ohun kan pa á lára kí afẹ́fẹ́ má baà máa jò jáde. Wọ́n á rán okùn pẹlẹbẹ tó lágbára mọ́ ọn lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí okùn yìí ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe aṣọ. Ibi tó sún mọ́ iná nísàlẹ̀, aṣọ tí iná kì í tètè ràn ni wọ́n ń fi ṣe é. Apẹ̀rẹ̀ tí èèyàn ń dúró sí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun ún, nítorí pé bó bá balẹ̀ gbì, apẹ̀rẹ̀ híhun máa ń tẹ̀, kì í fọ́. Ooru inú bàlúùnù lè tó 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn bí ìgbà tí omi bá ń hó.

Ooru yẹn àti oòrùn ló ń pa á. Bí oòrùn ṣe ń ṣá aṣọ tí a sá sórí okùn, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ agbára náílọ́ọ̀nù, òkè pátápátá ibi tí ooru ti pọ̀ jù ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tún ká a nígbà tó ṣì tutù, á bu. Nígbà tó bá yá, ohun tí wọ́n fi pa á lára á bó, afẹ́fẹ́ á máa jò, awakọ̀ rẹ̀ á sì máa jó gáàsì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó lè gbéra. Ṣé ẹ ò rí i pé ó jọ jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo? Nǹkan bíi wákàtí 300 sí 500 lójú òfuurufú ni ọ̀pọ̀ aṣọ bàlúùnù ń lò kó tó rẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa ń fi irin di aṣọ náà mú, wọ́n á fà á dé ìwọ̀n agbára kan. Bó bá ya, ó parí nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ gbé èèyàn mọ́. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí rìbá.

Ibi yìí gan-an ni iṣẹ́ àwọn tí mo sọ lókè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ British Balloon Museum and Library, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ń kó aṣọ bàlúùnù, apẹ̀rẹ̀, iná àtàwọn ìwé àtijọ́ jọ. Wọ́n sì máa ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ láti tú àwọn arúgbó náà sórí pápá, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn lójú gbogbo èèyàn. Èyí tí kò bá lágbára rárá, fáànù ńlá ni wọ́n á fi fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí i, á wú sílẹ̀ bí ilé, àwọn ọmọdé á sì rìn wọ inú rẹ̀. Kò ní gbéra, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn á rí i. Ní Albuquerque, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọdún bàlúùnù pẹ̀lú mẹ́tàlá péré lọ́dún 1972, ilé ńlá ni wọ́n kọ́ fún irú ìtọ́jú yìí, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2005.

Èrò tèmi ni pé ọgbọ́n mẹ́ta ni oníṣòwò kékeré lè rí kọ́ lára wọn.

Àkọ́kọ́ ni pé ohun tó bá ti fẹ̀yìn tì, kó fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá, mo ra sìlíńdà gáàsì kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní tuntun ni. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán yọ̀ọ̀. Kò pé oṣù kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn gáàsì lóru. Nígbà tí ẹni tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà, ìpẹtà ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti dàgbà ju èmi tí mo rà á lọ. Olúwa ló yọ mí. Ẹni tó tà á fún mi ò pa mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó ò gbìyànjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń din àkàrà àti búrẹ́dì ẹlẹ́yin, ẹ lọ wo sìlíńdà yín lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta tòkunbọ̀, ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà. Bàlúùnù tó bá kùnà ìdánwò, bí wọ́n kùn ún lọ́dà ogún ìgbà, kò ní kí ó má já bọ́. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ, síbẹ̀ wọn kì í wọ inú rẹ̀ fò. Ìfẹ́ kò bo òótọ́ mọ́lẹ̀ lójú wọn.

Èkejì ni pé kì í ṣe gbogbo ara ohun èlò ló ń gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Apẹ̀rẹ̀ àti iná lè lágbára sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà olówó bàlúùnù á ra aṣọ tuntun, á sì so ó mọ́ apẹ̀rẹ̀ àtijọ́ tó ti yege àyẹ̀wò. Aṣọ tí kò sì ní ìtàn kankan nínú, àwọn kan ń gé e, wọ́n ń fi rán báàgì. Ẹ wo iye tó ń bọ́ sọ́nù lọ́wọ́ wa nítorí pé a kì í tú nǹkan palẹ̀ wò ká tó pè é ní ìdọ̀tí. Mọ́tò jẹnẹrétọ̀ lè jóná, kí kọ́ńdọ́ inú rẹ̀ ṣì máa pa owó. Fíríìjì lè kú, kí àpótí rẹ̀ di ibi tí ẹ ó máa kó ọjà sí tí eku kò ní dé.

Ẹ̀kẹta ni ìwé. Bàlúùnù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ìrìn rẹ̀ sí: ọjọ́ tó fò, wákàtí tó lò, ibi tó ya, ẹni tó tún un ṣe. Ìwé yìí ló ń sọ fún ayẹ̀wò pé ó ti tó kí aṣọ lọ sinmi, òun náà ló ń sọ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pé ohun tó níyì ló dì mú. Aṣọ tí kò bá níwèé, aṣọ lásán ni. Oníṣòwò mélòó nínú wa ló mọ ọjọ́ tó ra ẹ̀rọ rẹ̀? Mélòó ló mọ iye tó ti ná lórí àtúnṣe? Ìwé ọgọ́rùn-ún ojú ewé kan tó fún un. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, iye tẹ́ ẹ rà á, àti gbogbo ìgbà tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ tí owó àtúnṣe bá fẹ́ ju owó tó ń mú wọlé lọ, ìwé yẹn ni yóò sọ fún yín, kì í ṣe mẹkáníìkì.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan á fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ta ló rí ibi kó àlòkù sí, nígbà tí owó ṣọ́ọ̀bù ń lọ sókè lọ́dọọdún, tí ẹni tó ń ra irin àlòkù sì ń fi owó gidi hàn wá lẹ́nu ọ̀nà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn tó ń tọ́jú bàlúùnù pàápàá kò lè gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n á yan èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí, tàbí èyí tó gbé orúkọ ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé. Ìyókù, kó máa lọ. Èmi náà ò ní kí ẹ sọ ṣọ́ọ̀bù di ààtàn. Mo ní kí ẹ yan ẹyọ kan.

Ẹ sì má rò pé ẹyọ kan yẹn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ wo Breitling, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aago ní Switzerland. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, bàlúùnù kan tó gbé orúkọ wọn, Breitling Orbiter 3, tí Cameron Balloons ṣe, tí gáàsì hílíọ̀mù àti afẹ́fẹ́ gbígbóná jọ ń gbé, yí gbogbo ayé ká láìdúró. Bertrand Piccard àti Brian Jones ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàlúùnù máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tún fò mọ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n yàrá tí àwọn méjèèjì jókòó sí wà nílé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òfuurufú ti Smithsonian nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn sì ń lọ wò ó títí dòní. Ìrìn àjò kò tó oṣù kan, ìpolówó rẹ̀ ti lé ní ogún ọdún.

Télọ̀ ni ìyá mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ kan ló fi bẹ̀rẹ̀, òun ló fi rán aṣọ iléèwé gbogbo wa, òun ló sì fi san owó tí mo fi kàwé gboyè. Nígbà tó ra ti iná, ó ta ti àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń ra irin àlòkù kiri. Owó tó gbà lórí rẹ̀ kò tó ra ìpápánu lọ́jọ́ náà. Ó ní ọmọ iṣẹ́ tó pọ̀ báyìí, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì máa ń rò pé inú ọrọ̀ ni ọ̀gá wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Màmá mi sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ká ní òun mọ̀ ni, orí tábìlì iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀rọ yẹn ì bá wà, kí ọmọ iṣẹ́ máa rí i, kí oníbàárà sì mọ̀ pé òun ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá.

Nítorí náà, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ òní, ẹ wo àyíká yín. Èyí tó lè pa èèyàn, ẹ gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn bíi pé ó ṣì dára. Èyí tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wúlò, ẹ tú u palẹ̀. Èyí tó jẹ́ àkọ́bí iṣẹ́ yín, ẹ nù ún, ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ rà á sí i lára, kí ẹ sì gbé e síbi tí ojú ti lè rí i.