Òkè Ventoux àti Ìgò Omi Mẹ́rin

 Bí oṣù keje bá ti wọlé lọ́dọọdún, àwọn baálé ilé mìíràn a máa jókòó ti tẹlifíṣàn láti wo ìdíje kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ń pè ní Tour de France, ẹ̀yin ìyá ilé a sì máa bi ara yín pé kí ni ó dùn nínú kí àgbàlagbà máa wa kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan ilé ìdáná, tí ó sì kan ìlera yín gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mú yín dé ẹsẹ̀ òkè kan lóṣù yìí.

Orúkọ òkè náà ni Mont Ventoux. Ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé ni ó wà, ní ìpínlẹ̀ Vaucluse, gíga rẹ̀ sì tó nǹkan bí mítà 1,910. Ó dá dúró gedegbe, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rí orí rẹ̀ tí ó funfun láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 2020 ni wọ́n sọ òkè náà àti àwọn abúlé tí ó yí i ká di ọgbà ìṣẹ̀dá. Kí ẹ má ṣe rò pé irú ọgbà tí a lé ènìyàn jáde nínú rẹ̀ kí ẹranko lè ráyè ni o. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń gbin àjàrà àti ṣẹ́rì, wọ́n sì ń gbin láfẹ́ńdà, òdòdó olóòórùn dídùn tí a fi ń ṣe ọṣẹ àti òróró. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ọgbà náà sílẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí àti igbó wọn lè jọ máa wà pọ̀ láìpa ara wọn lára.

Igbó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ayé àtijọ́, wọ́n gé igi ẹ̀gbẹ́ òkè náà fún ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń kàn ní Toulon, wọ́n sì gé e fún èédú, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku òkúta lásán. Láti nǹkan bí ọdún 1860 ni wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sí i. Igbó ti padà sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò, òkúta funfun báláú ni, kò sí ewé kan tí yóò ṣíji bo ènìyàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀nà ọ̀dà mẹ́ta ni ó gun òkè náà, ọ̀kan láti Malaucène, ọ̀kan láti Sault, ọ̀kan láti Bédoin. Ti Bédoin ni àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ń bẹ̀rù. Kìlómítà 21 péré ni, ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n láàrin kìlómítà 21 yìí, ènìyàn yóò gòkè ní nǹkan bí mítà 1,600. Bí ilé yín bá ga tó mítà 10, ẹ rò ó wò bí ẹni pé ẹ gun àtẹ̀gùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé ní ìgbà 160 láìsinmi. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọrùn díẹ̀, láàrin oko àjàrà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà wọ igbó tí ó sì le koko: nínú mítà 100 tí kẹ̀kẹ́ bá rìn, yóò gòkè ní mítà 9 tàbí 10, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí fún bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Bí ènìyàn bá jáde nínú igbó ní ibi tí wọ́n ń pè ní Chalet Reynard, kìlómítà mẹ́fà ni ó kù, láàrin òkúta funfun, níbi tí oòrùn ti ń ta láti òkè, tí òkúta sì ń da ooru rẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1967, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Tom Simpson gun òkè yìí. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì rárá. Òun ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje gbogbo àgbáyé ní ọdún 1965. Ọmọ ọdún 29 ni, ó ní ìyàwó, ó sì ní ọmọbìnrin méjì. Inú ti ń run ún fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, kò sì lè jẹun dáadáa. Kò sí ẹni nínú yín tí yóò rí ọmọ rẹ̀ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé kí ó lọ dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́, ó sì ń lé ipò.

Òfin ìdíje nígbà náà kò jẹ́ kí eléré gbà ju ìgò omi mẹ́rin lọ lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi lítà méjì. Ìrìn ọjọ́ náà, láti Marseille dé Carpentras, sì lé ní kìlómítà 200. Ara tí ń ṣiṣẹ́ líle nínú oòrùn lè pàdánù lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òógùn ní wákàtí kan ṣoṣo. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Àmù tí àwọn ìyá wa àgbà fi ń pọn omi pamọ́ ń tutù nítorí pé omi ń sun jáde lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òógùn ṣe ń tu ara lára. Àmù tí omi tán nínú rẹ̀, báwo ni yóò ti ṣe tutù?

Wọ́n bá oògùn kan tí ń jẹ́ amphetamine nínú àpò ẹ̀wù Simpson, wọ́n sì bá a nínú ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ó tún ti mu ọtí líle lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé oògùn yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, kò sí omi nínú rẹ̀. Kò fi agbára kankan kún ara. Ẹnu àárẹ̀ ni ó ń pa mọ́, ó sì tún ń mú kí ara gbóná sí i. Àárẹ̀ ni ìránṣẹ́ tí ara rán wá láti sọ pé àká ti ń ṣófo. Oògùn náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ìránṣẹ́ síta, àká sì ń ṣófo lọ. Nígbà tí ó ku nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀ kí ó dé orí òkè, Simpson ṣubú. Wọ́n gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Hẹlikópítà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Avignon, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá a sì máa fi ìgò omi wọn sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn akọni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìtàn oúnjẹ àti omi ni mo kà á sí.

Lóde òní, bí àwọn eléré ṣe ń jẹun ti yàtọ̀. Wọn kì í dúró dìgbà tí ebi bá pa wọ́n kí wọ́n tó jẹ, nítorí agbára tí ara kó pamọ́ kì í pẹ́ tán bí iṣẹ́ bá le. Àwọn alásè wọn a máa se ìrẹsì rírọ̀, wọn a pò ó mọ́ wàràkàṣì rírọ̀ àti ṣúgà, wọn a tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a sì wé e sínú fọ́ìlì kí ó lè wọ àpò ẹ̀wù. Ẹni tí ń gun òkè lè nílò gíráàmù 60 oúnjẹ afúnnilágbára ní wákàtí kan, ìwọ̀n tí ó wà nínú ìrẹsì sísè bí ife kan àti díẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà sínú omi wọn. Iyọ̀ àti ṣúgà tí ó jọ wọ inú ìfun ni ó máa ń fa omi wọ ara kíákíá. Ẹ ti mọ èyí tẹ́lẹ̀: òun kan náà ni a fi ń gba ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru là. Lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà, kí ó má ṣe jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fúnni nínú ọ̀rá ní ilé ìtọ́jú ìlera, pẹ̀lú oògùn zinc, sàn ju ti àpòfúnra-ẹni lọ bí ẹ bá lè rí i.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n yíjú sí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, omi ọmú tí ń jáde lára yín lójúmọ́ lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà. Òkè ni ẹ ń gùn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún yín. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín, bí ó bá ti rẹ̀ yín tí orí ń fọ́ yín lọ́sàn-án, oògùn oníyẹ̀fun tí wọ́n fi káféènì sí ni ẹ ń dà sẹ́nu, kí ẹ lè parí aṣọ fífọ̀, kí ẹ sì tó lọ gbé iná ka ilẹ̀. Káféènì kì í ṣe amphetamine, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ìránṣẹ́ náà ni òun pẹ̀lú ń pa mọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé, kí ni mo jẹ láàárọ̀? Ife omi mélòó ni mo mu? Ẹ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹ mu omi, ẹ fi ọmọ lé ìyá ọkọ lọ́wọ́, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan. Aṣọ kò ní sá lọ. Bí orí fífọ́ náà kò bá lọ, tàbí tí ara bá ń gbóná, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsọ̀kalẹ̀, fún ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Paris tí ó lè fẹ́ lọ wo òkè náà. Kí ó gba ọ̀nà Sault, òun ni ó rọrùn jù lọ, kí ó sì tètè jáde láàárọ̀. Kí ó má lọ nígbà òtútù, nítorí yìnyín a máa dí ọ̀nà òkè. Kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀wù tí òógùn ti rin gbingbin a máa di yìnyín síni láyà bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn eléré àtijọ́ ń dá sí i ni pé wọn a gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ òǹwòran lórí òkè, wọn a tẹ́ ẹ sí àyà lábẹ́ ẹ̀wù, wọn a sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ.