Ẹ fi igi gbígbẹ kan sílẹ̀ fún àkókó

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa,

Bí ẹ bá ń kọ ebè láàárọ̀ tí ẹ gbọ́ “kó, kó, kó” lára igi, ẹ mọ̀ pé àkókó ti dé. Àwọn kan a ní kí ọmọ ju òkúta lù ú, pé òun ló ń pa igi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Igi tí àkókó ń kàn, kòkòrò ti sábà wà nínú rẹ̀ kí ẹyẹ náà tó bà lé e. Ahọ́n rẹ̀ gùn. Ó ń nà án wọ inú ihò, ó sì fi ń fa ikán, èèrà àti ìdin inú igi jáde. Ẹ̀yin tí ikán ti jẹ òpó ilé yín rí, ṣé ọ̀tá yín ni ẹyẹ yìí?

Orúkọ kan ni a ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹyẹ kan náà. Àwọn onímọ̀ ti ka irú wọn tó ju 200 lọ láyé. Kò sí ìkankan ní Australia, kò sì sí ní Madagascar.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìdílé méjì ni kí ẹ mọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe èkíní ní Campethera. Èèrà àti ikán ni oúnjẹ wọn jù. Ọ̀kan tí wọ́n ti kà mọ́ wọn rí kéré, ara rẹ̀ ní àmì tótòtó, inú igbó dídí ló sì ń gbé. Wọ́n ń pe ìdílé kejì ní Dendropicos. Nínú rẹ̀ ni èyí tí orí àti àyà rẹ̀ rí bí eérú wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, akọ rẹ̀ sì ní pupa lórí. Láti Senegal títí dé Etiópíà ló wà, ó sì ń gbé inú oko. Nígbà kan, ìdílé mìíràn tó ń jẹ́ Mesopicos ni wọ́n kà á mọ́. (Ọ̀rọ̀ ìdílé kì í tán bọ̀rọ̀, àwọn onímọ̀ pàápàá ń jiyàn lé e.)

Bí a bá gé igbó tán, ti inú igbó kò ní ibi tí yóò sá sí. Ti inú oko lè bá wa gbé, bí ó bá rí igi gbígbẹ tí yóò gbẹ́ ilé sí. Àwọn ẹyẹ tí kò lè gbẹ́ ihò náà a máa wọ ihò rẹ̀ àtijọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtì ọ̀pẹ tó ń jẹrà ń bí kòkòrò dúdú oníwo tó ń lu màrìwò ọ̀pẹ kékeré. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ọ̀pẹ tí ẹ wó fún ẹmu tàbí sódábì, ẹ là á, kí ẹ sun ún. Igi mìíràn ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀, ní ààlà oko, kó jìnnà sí ilé àti ọ̀nà, kó má baà wó lu ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá yóò bi mí pé, igi ìdáná ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó sì wúwo lórí. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka, kí ẹ fi ìtì náà sílẹ̀ lóòró. Igi àyìnrẹ́ kan báyìí wà ní ààlà oko mi. Ihò mẹ́ta ló ti wà lára rẹ̀.